Pọ́ọ̀nù Méjì Kú, Ọ̀kan Wọlé

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tíṣà kan ní Ìrẹ̀lẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́sàn-án Sátidé, tí òun àti ọmọkùnrin kan tó wà ní SS2 ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Òórùn pùpùrù gbígbóná ti ilé ìdáná bọ̀, ẹnikẹ́ni ò dìde. Rúùkù dúdú kan ti sọnù, ìdérí kóòkì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà ní àtìgbà tí Túndé Ọ̀nàkọ̀yà ti ta ayò yìí fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, lóṣù Kẹrin ọdún 2024, lòun ti bẹ̀rẹ̀.

Òun ló ni funfun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ti pọ́ọ̀nù apá òsì rẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń sún ààlà oko lóru. Kí n tó mọ̀, mẹ́ta ti wà ní a5, b5 àti c5. Ti tíṣà ò tíì kúrò nílé: a7, b7, c7. Ẹṣin tíṣà ò ríbi fẹsẹ̀ lé, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há sẹ́yìn wọn.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tílẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ kì í yá sí pàṣípààrọ̀. Bí èrò bá dín kù nínú yàrá, ará ibi híhá lara máa tù. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ lọmọ yìí ń pààrọ̀: ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù, rúùkù, títí kan ìdérí kóòkì. Mo ní ó ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Tíṣà jẹ kúìnì funfun, ó dì í mọ́wọ́. Ó wá ku ọba àti pọ́ọ̀nù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọba funfun wà ní g2, tíṣà sì rọra gbé tirẹ̀ lọ sí g5.

"Wọn ò lè kọjá mọ́," ló wí.

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò, sà."

Ó ti pọ́ọ̀nù àárín sí b6, sẹ́nu ọ̀tá méjì. Tíṣà fi ti a7 jẹ ẹ́. Ọmọ náà tún ti ti c5 sí c6. Bí wọn ò bá jẹ ìyẹn, á jẹ b7, á sì di kúìnì. Ni tíṣà bá fi b7 jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn lojú mi tó là: kò sí dúdú kankan mọ́ lójú ọ̀nà a. Ìkẹta bọ́ sí a6. Ọba dúdú sáré dé f6, pọ́ọ̀nù dé a7. Ọba dé e7. Ó ti pẹ́ jù.

"Bí mo bá fi ti c7 jẹ b6 ńkọ́?"

"Màá ti a5 sí a6, sà. Bí b7 bá jẹ ẹ́, c tèmi ló máa lọ."

Wọ́n tún un tò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ká ní tíṣà ti b7 sí b6 dípò kó gbé ọba lọ sí g5 ni, ọ̀nà ì bá dí.

Ọmọ náà na ọwọ́. Tíṣà wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó pòṣé, ó dá kúìnì funfun padà.