Ewé Akòko Kì í Ṣe Òdòdó Ẹnu Géètì

Tí fíìmù Yorùbá bá fẹ́ fi olówó hàn wá, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Mọ́tò á fun fèrè, mẹ́gáàdì á sáré ṣí géètì, kámẹ́rà á wá rọra kọjá lára àwọn òdòdó tí wọ́n gé rébété, àwọn ọ̀pẹ òyìnbó tó tò bíi sójà, àti ọkùnrin kan tó mú rọ́bà omi dání, tó ń bomi rin koríko. Ẹnikẹ́ni ò tíì lanu sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo wa ti mọ̀ pé owó ń bẹ nílé yẹn. Àwọn ewéko ló sọ ọ́.

Àpápá GRA ni mò ń gbé, torí náà mo gbọ́ èdè òdòdó yẹn dáadáa. Ìjọba amúnisìn ló dá àwọn GRA sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ rẹ̀: ilẹ̀ fífẹ̀, ilé díẹ̀, igi púpọ̀. Títí dòní, tí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá Boundary wọ Ajégúnlẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé igi ń dín, ilé ń pọ̀. Kò sí pátákó kankan tó ní ibí ni owó parí sí. Ẹ kàn máa wo igi. Àwọn olùdarí fíìmù mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ilé tó ní igi àti òdòdó tí wọ́n bá fẹ́ ya ìtàn olówó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé èdè òdòdó géètì nìkan ló kù tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ Èkó lè kà. Igi àti ewé ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú fíìmù wa, ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju owó lọ. Àwa ń wò ó bí ẹni ń wo fíìmù Ṣáínà tí kò ní ìtumọ̀ lábẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú akòko. Tí wọ́n bá fi èèyàn jọba tàbí tí wọ́n fi í joyè nílẹ̀ Yorùbá, ewé akòko ni wọ́n máa ń fi lé e lórí. Ewé yẹn ni ìwé ẹ̀rí oyè, ó sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọba níwèé. Nínú fíìmù, tí ẹ bá ti rí ọwọ́ àgbà tó ń gbé ewé lọ sórí ẹnì kan, ìtàn ti yí padà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lánàá ti di kábíyèsí. Màrìwò náà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Tí wọ́n bá ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà igbó, ojúbọ wà níwájú nìyẹn, ẹni tọ́rọ̀ ò kàn gbọ́dọ̀ padà. Tí akọni fíìmù bá gba abẹ́ màrìwò kọjá láìbèèrè, ó ti yẹ kí àyà yín já kí orin ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti wo fíìmù kan, n ò ní dárúkọ ẹ̀, tó jẹ́ pé ewé dóńgóyárò ni wọ́n fi jọba. Ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ ń wò ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, “Ṣé ibà ló ń ṣe kábíyèsí ni?” Àwọn ọmọ tó wà ní pálọ̀ ò rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ewé ni ewé lójú tiwọn.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù nílẹ̀ yìí ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà, darí Kongi's Harvest, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, Ṣóyínká fúnra ẹ̀ ló sì ṣe Kongi. Kongi ní agbára, ó ní àwọn tó ń jíṣẹ́ fún un, ó ti ti Ọba Danlọ́lá mọ́lé. Síbẹ̀ ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Kí ló ń wá? Iṣu tuntun. Ó fẹ́ kí ọba fọwọ́ ara ẹ̀ gbé iṣu tuntun lé òun lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gba iṣu ló ni ìlú. Ẹni tó bá rò pé oúnjẹ lásán ni iṣu yẹn, kò tíì wo fíìmù náà.

Ẹ tún wo Ṣaworoidẹ, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Ní ìlú Jogbo, Lápitẹ́ fipá gorí ìtẹ́, ó kọ̀ láti ṣe ètùtù àti ìbúra tó yẹ kó máa dè é lọ́wọ́. Ibo ni owó ẹ̀ ń gbà wọlé? Inú igbó. Àwọn agégẹdú ń gé igi, wọ́n ń kó owó wá sáàfin, àwọn àgbẹ̀ ń pariwo pé oko àwọn ń bàjẹ́, ẹnì kankan ò dá wọn lóhùn. Ọdún tí ìjọba ológun kógbá wọlé ni fíìmù náà jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rí epo rọ̀bì Nàìjíríà nínú gẹdú yẹn.

Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ. Ìlù ló padà dá ẹjọ́ ìlú Jogbo, igi ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ìlù. Àwọn tó ń gbẹ́ ẹ mọ igi tí wọ́n ń lò: ọ̀mọ̀ tàbí apá, igi tí ohùn ẹ̀ ń dún. Wọ́n ta igi inú igbó, igi ọwọ́ onílù sì gbẹ̀san. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọmọ ìyá ni gẹdú àti ìlù, ìdajì fíìmù náà ló wò.

Kúnlé Afọláyan náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú The Figurine, tó jáde ní 2009, ara igi tí wọ́n ti fi gégùn-ún ni wọ́n ti gbẹ́ ère Aráròmirẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọdún méje oríire, lẹ́yìn náà wàhálà dé. Igi ló mú ohun tó wà nínú ẹ̀ wá.

Ti ọfọ̀ ló wá burú jù, torí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ fíìmù ti máa ń kú. Láti ìgbà Ayé tí Hubert Ògúnǹdé ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọfọ̀ ti di ara fíìmù wa. Bí ọfọ̀ sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé orúkọ ewé ló ń gbé iṣẹ́ ewé. Yorùbá ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹ gbọ́ “tẹ́” nínú “tẹ̀tẹ̀”? Ẹni tó bá pe tẹ̀tẹ̀ ń sọ pé ojú ò ní ti òun. Ìtumọ̀ abẹ́ fíìmù á wá sọ pé ẹ̀fọ́ kan ò ní tẹ́ láàárín ẹ̀fọ́ yòókù. Òyìnbó tó ń wò ó lórí Netflix á rò pé orí bàbá yẹn ti dàrú. A ò lè bá òyìnbó wí. Àmọ́ àwa ńkọ́, tá à ń ra tẹ̀tẹ̀ lọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tá ò gbọ́ nǹkan kan nínú orúkọ ẹ̀?

Àwọn kan á ní, “Ẹ̀yin náà, fíìmù lásán ni.” Ó dáa. Àwa tá à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Àpápá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gẹdú kọjá fíìmù. Láti 1976 ni òfin ti wà tó dá kíkó gẹdú tí wọn ò tíì là jáde nílẹ̀ yìí dúró. Síbẹ̀, láàárín 2014 sí 2017, igi rosewood kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Ṣáínà ní rẹpẹtẹ. Kọ̀ntẹ́nà ń kọjá níwájú ilé wa tọ̀sán-tòru, ariwo tírélà nìkan là ń bínú sí. Ìlú tí kò bá mọ orúkọ igi ẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ tí wọ́n bá ti kó o tán? Jogbo ò jìnnà.

Lápá ibòmíì nílùú Èkó, àwọn ilé tuntun tí wọ́n fi ń ya fíìmù olówó ti ń tẹ́ koríko oníke sílẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ nílò ẹni tó máa bomi rin ín mọ́. Tá ò bá ṣọ́ra, ó kù díẹ̀ kí akòko náà di oníke.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fíìmù, ẹ̀ ń san owó fún ẹni tó ń kunni lójú, ẹ̀ ń san owó fún ẹni tó ń rán aṣọ. Ẹ wá àgbà kan tó mọ ewé, kẹ́ ẹ san owó tiẹ̀ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń túmọ̀ fíìmù, ẹ fi orúkọ ewé sílẹ̀ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò ó lórí fóònù, ó kéré tán, ẹ mọ ewé márùn-ún: akòko, pẹ̀rẹ̀gún, màrìwò, tẹ̀tẹ̀, rinrin. Ẹ ò nílò yunifásítì. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta ewé àti àgbo lọ́jà Boundary, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, ẹ ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni akòko nínú ìwọ̀nyí?” Inú wọn á dùn láti fi hàn yín.

Ẹ rà á, ẹ gbé e dání, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá wá ń fi èèyàn jọba lójú fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ wo ewé kí ẹ tó wo adé.