Spitfire Tí Wọ́n Kọ Ọ̀yọ́ Sí Lára

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Manchester ló fi páálí náà ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí mi. Mo ṣí i, mo rí férémù ike aláwọ̀ eérú mẹ́ta, tí àwọn ẹ̀yà bàálù so mọ́ bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka, dígí kékeré kan nínú ọ̀rá, sítíkà olómi, àti ìwé ìtọ́sọ́nà. Àbúrò mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ò ti dàgbà ju ohun ìṣeré lọ báyìí?"

Spitfire Mk Vb ni, bàálù ogun àwọn ará Britain, ní ìwọ̀n 1/72. Ìyẹn ni pé ínǹṣì kan lára ike náà dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lára bàálù gidi. Ènìyàn gíga kan á di ohun tí kò ju oríkèé ìka lọ. Spitfire gidi fẹ̀ tó mítà 11.23 láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, tèmi ò ju sẹ̀ǹtímítà 15.6 lọ. Irú páálí báyìí ti wà tipẹ́. Ní 1953 ni Airfix ṣe bàálù oníke rẹ̀ àkọ́kọ́, Spitfire náà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kun tèmi bíi ti ẹ̀yìn páálí, torí náà ni mo ṣe ń yí àwòrán lọ yí àwòrán bọ̀ lórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àfi bí mo ṣe kan ọ̀kan tí orí mi wú. Spitfire Mk Vb kan wà ní 1942, nọ́ńbà rẹ̀ ni AB216, lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni DL-Z. Orúkọ tí wọ́n sì kọ sí i lára ni NIGERIA OYO PROVINCE.

Báwo ni Ọ̀yọ́ ṣe dé ara bàálù òyìnbó? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Britain ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti fi ra bàálù. Iye tí wọ́n dá lé Spitfire kan ni £5,000, ẹni tó bá sì san án, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí ọ̀kan. Owó tó ti Nàìjíríà lọ pọ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ wa pe odindi ẹgbẹ́ ológun òfúrufú kan, 91 Nigeria Squadron. Oṣù Kìíní 1941 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Hawkinge, ní Kent, níbi tí òkun tó pín England àti Faransé níyà ti tóóró jù. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fò lọ wo ohun tí àwọn ará Jámánì ń ṣe ní òdìkejì omi. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1942, ọ̀gá wọn, Robert Oxspring, gbéra nínú ojú ọjọ́ tí kò dáa, ó sì bá àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá Jámánì níbi tí wọ́n ti ń sá gba ojú òkun náà kọjá lọ sílé. Oxspring yìí kan náà ló ń fi AB216 fò ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn.

Mo gbé fóònù lọ bá Bàbá Àgbà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n ní 1942. Mo ka orúkọ náà sí wọn létí. Mo sọ fún wọn pé Ìbàdàn tí a wà yìí, àti Ifẹ̀, àti Iléṣà, abẹ́ Oyo Province ni gbogbo wọn wà nígbà yẹn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àwọn bàbá wa ló san owó yẹn? Ṣé wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ san án ni, àbí wọ́n kàn ní kí wọ́n mú un wá?"

Kò sí ohun tí mo lè sọ. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣe é. Ṣùgbọ́n kí èmi fúnra mi lè ka orúkọ yẹn lára rẹ̀ o."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí kò sí orúkọ yẹn nínú sítíkà tó wà nínú páálí.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yí ojú tí mo fi ń wo ike yìí padà. Ohunkóhun tí ẹ bá rí lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 72. Mo fi rúlà wọn etí ẹ̀yìn apá rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà kan. Ìlọ́po 72 rẹ̀ ń lọ sí sẹ̀ǹtímítà 7! Ta ló rí Spitfire tí etí apá rẹ̀ nípọn tó búrẹ́dì? Ti gidi mú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ń ti òkè àti ìsàlẹ̀ apá bọ̀ lè pàdé láìjà. Mo fi sáńpépà ha inú apá náà kí n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko, títí ìmọ́lẹ̀ fi ń hàn díẹ̀ gba inú ike. Ọ̀dà náà ńkọ́? Bí ẹ bá kùn ún nípọn tó ìdá 20 mìlímítà kan péré, lára bàálù gidi, ìyẹn ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ ò kun bàálù mọ́ nìyẹn, ẹ ti ń rẹ́ ẹ bí ògiri. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po ọ̀dà kó ṣàn, tí a ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin.

Gúlù rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Polystyrene ni ike yìí, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ráìsì níbi ìnáwó. Bí pẹtiróòlù bá kan fóòmù yẹn rí lójú yín, ẹ ti rí i bó ṣe ń yọ́ tó ń fà bí àtè. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni gúlù àwọn tó ń to bàálù oníke ń ṣe, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Mólékù polystyrene gùn bí okùn. Gúlù á wọ àárín àwọn okùn náà, á tú wọn sílẹ̀, ti ẹ̀yà òsì á lọ́ mọ́ ti ẹ̀yà ọ̀tún. Nígbà tí gúlù bá fẹ́ lọ tán, ike kan ṣoṣo ló kù, kò sí méjì mọ́. Ẹ kàn máa fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìsopọ̀ ni, á sáré wọlé fúnra rẹ̀ bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Ẹ ṣí fèrèsé o, òórùn rẹ̀ kò dára fún ènìyàn.

Àwọn ibi kan wà tí ojú ike ti rì wọnú díẹ̀. Ike gbígbóná ni wọ́n ń tì sínú mọ́ọ̀dì irin, ó sì ń súnkì bó ṣe ń tutù, ibi tó nípọn ló sì ń pẹ́ tutù jù. Mo gé àjákù férémù wẹ́wẹ́ sínú gúlù, mo jẹ́ kó yọ́, mo fi dí i. Férémù yẹn náà ni mo yá lórí iná àbẹ́là, tí mo fà á títí ó fi di okùn tín-ín-rín, torí ọ̀pọ̀ Spitfire Mk V ní wáyà kan tó ti ẹ̀gbẹ́ bàálù lọ sí ṣóńṣó apá ìrù. Irun orí ènìyàn gan-an ti nípọn jù fún un: ìlọ́po 72 rẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ.

Ibi tí mo ti gbọ̀n nìyí. Gúlù mi tán nígbà tó ku dígí. Mo mú 404 tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, mo kán an sí etí rẹ̀, mo lọ sùn. Nígbà tó di àárọ̀, dígí náà ti funfun bí ojú tí ìkùukùu bò. Èéfín 404 ló fà á. Ó máa ń gbéra, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á mú un gan, á sì bà sórí ohun tó wà nítòsí bí ìyẹ̀fun. Oṣù Keje sì ni, ní Ìbàdàn, ẹ ò ní bi mí bóyá ọ̀rinrin wà. Dígí kan ṣoṣo ló wà nínú páálí. Mo yọ ọ́, mo fi ọṣẹ ìfọyín àti aṣọ rírọ̀ ra á, nínú àti lóde, fún bíi wákàtí kan. Ìyẹ̀fun yẹn ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán padà ni ìmọ́lẹ̀ ń kọjá. Ó kù díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, mo fi sílẹ̀.

Ó wá ku orúkọ. Lẹ́tà 18, tí ìkọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ga ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bí mo bá kọ ọ́ sára bàálù tí ọwọ́ mi sì yẹ̀, ọ̀dà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo gé etí sítíkà olómi tí kò ní àwòrán, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí mo ti fa irun rẹ̀ tu, ó ku bíi mẹ́ta. Èyí tó bá bàjẹ́, mo sọ ọ́ nù. Ẹ̀ẹ̀keje ló ṣeé kà. Ọwọ́ mi ń yún mi láti fi àmì sí Ọ̀yọ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ti 1942 ò fi sí i, AB216 ni mo sì ń ṣe, kì í ṣe ti ara mi. Mo rẹ sítíkà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ yọ́, mo fi igi ìtayín tì í dé àyè rẹ̀.

Bàbá Àgbà wọ jígí, wọ́n tún gba dígí amú-nǹkan-tóbi lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé bàálù náà súnmọ́ fèrèsé. Ètè wọn ń mì, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n fi dé àárín.

"O-Y-O," wọ́n kà á. Wọ́n wò mí. "Òyìnbó tó ń wà á yẹn, ṣé ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n pè?"