Ọjọ́ Wo Ni Ajá Yín Máa Bímọ?

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹnì kan ládùúgbò wa níbí ní Tudun Wada ka ọjọ́ 63 fún ajá rẹ̀. Ọjọ́ pé, ajá ò bí. Ó bá pe ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìrọbí. Ọmọ márùn-ún jáde, kò sí èyí tó rí ọjọ́ kejì. Oyún ọ̀hún ò tíì gbó ni.

63 yẹn kì í ṣe irọ́ o. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni àṣìṣe wà. Ọjọ́ tí ẹyin já sílẹ̀ nínú abo ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí akọ gùn ún. Ẹyin ajá tó bá já ṣì máa ń lo bí ọjọ́ méjì kó tó gbó. Àtọ̀ akọ náà sì lè wà láàyè nínú abo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Torí náà, akọ lè gùn ún lónìí kí oyún má dúró títí di ọjọ́ mélòó kan sí i. Tá a bá wá kà á láti ọjọ́ gígùn, ajá lè bí nígbàkigbà láàárín ọjọ́ 57 sí 72, yálà èkúkè ni o, tàbí Alsatian. Tí akọ bá gùn ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ kọ gbogbo ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ohun tó lè sọ ọjọ́ gan-an fún yín nínú ilé ni tẹmómítà. Láti bí ọjọ́ 57, ẹ fi vaseline pa á lẹ́nu, kẹ́ ẹ máa tì í bọ ihò ìdí ajá láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ sì máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 37.2, ó sábà máa ń bí láàárín wákàtí 24. Ó lè máa walẹ̀, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kó má jẹun. Àmọ́ àwọn míì ń jẹun títí dé orí ìrọbí, ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, òtútù Jos kì í ṣe tilé o. Ìlú yìí ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,200, ọmọ ajá tuntun ò sì lè mú ara rẹ̀ gbóná. Ẹ wá páálí àti àkísà sílẹ̀ nínú ilé kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má jẹ́ kó bí sórí sìmẹ́ńtì.

Tó bá ń rọbí gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ọmọ, tí wákàtí méjì bá kọjá lẹ́yìn ọmọ kan tí òmíì sì wà nínú, tàbí tí omi aláwọ̀ ewé dúdú bá jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, òru ì báà jẹ́.