Ìdérí Ìgò Mẹ́tàdínlógún: Bí Ará Ilé Ṣe Lè Ran Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù Lọ́wọ́

Ìdérí ìgò mínírà mẹ́tàdínlógún ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń tò sílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ àga. Tí ẹsẹ̀ yín bá ṣèèṣì gbá ẹyọ kan, igbe dé nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà yẹn. Tá a bá pe orúkọ rẹ̀, kò ní wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n tí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, kíá ló máa ń fi ọwọ́ di etí.

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ la gbọ́. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ní ọmọ náà ní ẹgbẹ́ ọ̀run. Ẹlòmíì ní ká lọ gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní fóònù tí ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ nígbà tó lóyún ló fà á. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, àbí?

Kí ni ọ́tísíìmù gan-an?

Kì í ṣe àìsàn téèyàn ń kó. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀, ohun tí ọmọ jogún látara ẹbí sì kó ipa tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn ṣe pọ̀, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, àti bó ṣe ń ṣe ohun kan náà léraléra. Lọ́dún 1943, dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tó rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà kan fi ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ tó ló ń fà á. Irọ́ gbuu ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Àpilẹ̀kọ ọdún 1998 tó dá ẹ̀rù yẹn sílẹ̀, ìwé ìròyìn The Lancet tó gbé e jáde ti fà á padà lọ́dún 2010.

Ilé ni iṣẹ́ wà

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni agbára ẹ̀gbọ́n mi ká láti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Wákàtí kan péré! Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ ní gbogbo wákàtí tó kù? Àwa ará ilé ni.

Àwọn onímọ̀ ní Ìlú Ọba ti ronú sí èyí. Wọ́n dán ọ̀nà kan wò tí wọ́n ń pè ní PACT, pẹ̀lú ọmọ 152. Òbí ni wọ́n kọ́. Wọ́n á ya fídíò bí òbí àtọmọ ṣe ń ṣeré, wọ́n á jọ wò ó, òbí á sì lọ máa fi ohun tó kọ́ dánra wò nílé lójoojúmọ́. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2010, ọ̀nà tí òbí ń gbà dá ọmọ lóhùn ti dára gan-an, ṣùgbọ́n àmì ọ́tísíìmù kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Wọ́n tún padà lọ wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Àmì náà fúyẹ́ díẹ̀ lára àwọn tí òbí wọn gba ẹ̀kọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má gbọ́ ọ sí ìwòsàn o; ìrànlọ́wọ́ ni.

Ní Íńdíà àti Pakistan, wọ́n dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú ọmọ 65. Òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, àmọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́, ló kọ́ àwọn òbí. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló dára sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀rọ̀ tàbí eré sílẹ̀ fúnra wọn.

Ohun tá a ṣe

Olùkọ́ náà ní kí n máa fi fóònù ya ẹ̀gbọ́n mi àtọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Nínú fídíò àkọ́kọ́, ìbéèrè ṣáá ni: "Kí lèyí? Àwọ̀ wo nìyí? Mo ní kí lèyí?" Ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i.

"Mọ́mì, ẹ má bi í ní nǹkan kan," ni olùkọ́ wí. "Ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó bá ń wò ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení dórí ẹ̀wá nínú ọkàn yín."

Dídákẹ́ yẹn ló le jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé nílò àyè láti ronú kó tó dáhùn.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi fi ìdérí kan tì í, ó ní "pupa", ó dákẹ́. Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. Ó mú ìdérí míì, ó nà án sí i. Kò sọ nǹkan kan. A wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó ní: "Mo ti rò pé kò mọ̀ mí ni."

Ẹ má gbàgbé ìyá

Ọmọ ọdún márùn-ún ni báyìí. Kò tíì máa sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè omi, ó sì ń pe èmi náà. Yorùbá ló fi ń pè mí. Ẹnì kan ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ká máa sọ sí i, àmọ́ ìwádìí kò fi hàn pé èdè méjì ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára.

Gbogbo Sátidé, èmi ni mo máa ń mú un fún wákàtí méjì, kí ẹ̀gbọ́n mi lè sùn. Tẹ́ ẹ bá mọ ìdílé kan tó ní irú ọmọ yìí, ẹ fi àlàyé ohun tó fà á sílẹ̀. Ẹ lọ bá wọn mú ọmọ fún wákàtí méjì. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ bá a to ìdérí.