Máòsì Kọ̀ǹpútà: Ẹ Wo Ọwọ́ Akọ̀wé Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Costain, láti 1964 tí Engelbart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti fi igi ṣe máòsì àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹni ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Bí kò bá bá ọwọ́ akọ̀wé mu, ó lè ṣi orúkọ tẹ̀, kí owó ẹnìkan bọ́ sórúkọ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá lọ rà á ní Ìkẹjà, kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ dì í mú wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ní okùn kì í lo bátìrì. Bí akọ̀wé bá ń fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́, ẹ ra èyí tí ìhà rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, kí ẹ sì pààrọ̀ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú ètò kọ̀ǹpútà. Bí ọfà rẹ̀ bá ń sáré jù, ẹ dín eré rẹ̀ kù níbẹ̀.

Owó ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun eré.