Rìkíṣí àti ìwà àjẹbánu nínú ìtàn àti eré Baṣọ̀run Gáà

Baṣọ̀run Gáà jẹ́ olórí Ọ̀yọ́ Mèsì ní Ọ̀yọ́-Ilé láti nǹkan bí ọdún 1754 títí di ọdún 1774. Ìtàn sọ pé ọba márùn-ún ni ó fi jẹ Aláàfin. Ó fa ikú mẹ́rin nínú wọn. Ẹ̀karùn-ún, Aláàfin Abíọ́dún Adégoólú, ni ó rẹ́yìn rẹ̀. Orí ìtàn yìí ni Adébáyọ̀ Fálétí gbé eré onítàn rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà, kà, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Wọ́n sọ ìtàn náà di fíìmù ní ọdún 2004.

Ohun tí ó mú kí ìtàn Gáà ju ìtàn ọ̀tẹ̀ lásán lọ ni pé òfin ìlú ni ó fi agbára tí ó lò lé e lọ́wọ́. Baṣọ̀run ni ó yẹ kí ó kó ọba níjàánu kí ọba má baà ni ará ìlú lára. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè kó Baṣọ̀run fúnra rẹ̀ níjàánu mọ́, ìjánu náà di ohun èlò ìrẹ́jẹ.

Ètò ìjọba Ọ̀yọ́

Aláàfin ni olórí ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kì í dá ìlú tò. Ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì, tí ó jẹ́ ìjòyè méje, ni ó ń yan ọba. Àwọn ìjòyè náà ni Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìínni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Baṣọ̀run ni olórí wọn. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Ọ̀run, òun ni ó ń da obì láti mọ̀ bóyá orí ọba ṣì gba ẹbọ rẹ̀.

Bí ọba bá di aninilára, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ̀ ọ́. Baṣọ̀run yóò kéde fún un pé àwọn òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ ọ́. Wọ́n sì lè fi igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ pàrokò sí i. Ọba tí irú àrokò bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣígbá wò, èyí ni pé yóò fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ògbóni wà pẹ̀lú, tí àwọn àgbà inú rẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ohun tí Ọ̀yọ́ Mèsì ń ṣe.

A pín àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ sí ẹkùn-ẹkùn. Agbègbè Òkè-Ògùn, níbi tí Ìràwọ̀, Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ìganná wà, bọ́ sí Ẹkùn Ọ̀tún, Sabiganná ti Ìganná sì ni olórí àwọn ọba ibẹ̀. Ní ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ọba ẹkùn a máa kó koríko bẹẹrẹ, tí ó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn, wá sí ààfin fún bíbo òrùlé, pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀. Koríko yìí kò ní iye lórí lọ́jà, ṣùgbọ́n àmì ni pé Aláàfin ni ó ni ilẹ̀. Ọ̀nà tí ìṣákọ́lẹ̀ ń gbà dé ààfin ni ó gbé agbára ọba ró, ibẹ̀ gan-an ni Gáà sì gbà wọlé.

Bí Gáà ṣe di alágbára

Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ni ó sọ Gáà di ńlá. Àwọn kan lára àwọn ọba tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ òǹrorò, àwọn ará ìlú sì gbà pé abẹ́ ààbò Baṣọ̀run ni ọkàn àwọn ti lè balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀lé e nítorí èyí. Wọ́n tún gbàgbọ́ pé ó ní oògùn tí ó fi lè di ẹkùn tàbí erin.

Lábísí ni ó kọ́kọ́ fi jọba. Gáà pa àwọn ọ̀rẹ́ ọba náà, kò sì jẹ́ kí ó rí ìjọba ṣe. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré ni Lábísí lò kí ó tó fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀. Awónbíojú ni ó tẹ̀lé e. Gáà fẹ́ kí ọba dọ̀bálẹ̀ fún òun, Awónbíojú sì kọ̀, ó ní ọba kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè. Àádóje ọjọ́ (130) ni ìjọba rẹ̀ mọ. Agbólúajé pẹ́ lórí ìtẹ́ jù wọ́n lọ, ìlú sì rójú nígbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n Gáà fi tipá mú un kí ó gbógun ti Ẹlẹ́wì-odò, ọba ilẹ̀ Pópó tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ogun náà ni ó sìn ín dé ibi ikú. Májẹ́ògbé gbìyànjú láti fi oògùn dá Gáà àti àwọn ọmọ rẹ̀ dúró, òun náà sì bá a lọ.

Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ òfin ni Gáà ń sọ. Ọba tí kò bá fẹ́ ni ó ń sọ pé ìlú kọ̀. Àwọn ìjòyè yòókù kò lè sọ pé irọ́ ni, nítorí ẹni tí ó bá yanu yóò fi orí ara rẹ̀ san án.

Ìṣákọ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ Gáà

Ìwà àjẹbánu tí ìtàn náà rántí jù lọ ni ti ìṣákọ́lẹ̀. Gáà tú àwọn ọmọ rẹ̀ ká sí àwọn ìlú pàtàkì ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan àti ti àwọn abúlé tí ó yí i ká di tiwọn. Ààfin ṣófo, nígbà tí ilé Baṣọ̀run ń kún. Aláàfin wà lórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ó lè fi bọ́ ìránṣẹ́ tàbí fi tọ́jú ọmọ ogun.

Ẹrù tí ó wọ ará ìlú lọ́rùn kò fúyẹ́ nítorí pé owó kò dé ààfin mọ́. Àwọn ọmọ Gáà rorò bíi baba wọn, kò sì sí ibi tí ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè gbé ẹjọ́ lọ, nítorí ọ̀dọ̀ baba àwọn ọ̀daràn náà ni ẹjọ́ yóò parí sí. Báyìí ni àwọn tí ó sá sábẹ́ Gáà nítorí ìrorò ọba ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìrorò mìíràn.

Ikú Àgbọ̀nyín àti ìṣubú Gáà

Nígbà tí Abíọ́dún gorí ìtẹ́, ó ti rí ohun tí ojú àwọn ọba ìṣáájú rí. Ó fi sùúrù ṣe é: a máa lọ kí Gáà láràárọ̀, kò sì jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Gáà nílò ẹran àgbọ̀nyín fún oògùn kan. A kò tètè rí ẹran náà. Ọba sì ní ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àgbọ̀nyín. Gáà ní orúkọ tó bá orúkọ mu, ó mú ọmọ ọba, ó sì fi í rúbọ.

Abíọ́dún kò sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó yọ́ jáde ní òru lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Àkàlà tí òun náà ń jẹ́ Adégoólú, láti ibẹ̀ ni ó sì ti dé ọ̀dọ̀ Ọ̀yábì, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ní Àjàṣẹ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọba ẹkùn ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n sì dá ọjọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, àwọn ará ìlú dìde sí àwọn ọmọ Gáà níbi gbogbo tí wọ́n wà, Kakaǹfò sì kó ogun wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Gáà ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Wọ́n mú un, wọ́n pa á, wọ́n sì sun ún. Ọdún 1774 ni. Láti ìgbà náà ni òwe kan ti wà lẹ́nu Yorùbá: bí o láyà ọ̀ṣìkà, bí o bá rí ikú Gáà, o ó sọ òtítọ́.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ní Òkè-Ògùn àti ní Ọ̀yọ́

Ikú Gáà kò tún ètò ìjọba ṣe. Abíọ́dún jọba títí di ọdún 1789, òwò sì gbilẹ̀ nígbà rẹ̀, títí kan òwò ẹrú sí etí òkun. Ṣùgbọ́n agbára ogun Ọ̀yọ́ rẹlẹ̀. Ní ọdún 1783, àwọn ará Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, wọ́n sì gba òmìnira.

Lábẹ́ Aláàfin Aólẹ̀, tí ó jọba lẹ́yìn Abíọ́dún, rìkíṣí náà padà, ìlú Òkè-Ògùn kan sì ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ọba fẹ́ mú Àfọ̀njá, Kakaǹfò tí ó wà ní Ìlọrin, kúrò láyé. Òfin ni pé Kakaǹfò tí a bá rán lọ sí ogun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta tàbí kí ó kú. Nítorí náà ni a ṣe rán an lọ sí Ìwéré, ìlú tí òkè àti odi dáàbò bò tí ohun ìjà ìgbà náà kò lè ṣẹ́. Àwọn ọmọ ogun mọ ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Wọ́n dìde sí àwọn èèyàn ọba tí ó wà láàárín wọn, wọ́n sì yíjú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aólẹ̀. Ìtàn sọ pé ó ta ọfà sí ojú ọ̀run ní ọ̀nà mẹ́ta, ó sì fi àwọn ènìyàn rẹ̀ gégùn-ún kí ó tó kú, ní nǹkan bí ọdún 1796. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, Ọ̀yọ́-Ilé tú pátápátá.

Nínú eré àti fíìmù

Fálétí, tí ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2017, jẹ́ akéwì, òǹkọ̀tàn àti òṣèré. Ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959. Nígbà tí eré Baṣọ̀run Gáà jáde, ìjọba ológun ni ó wà lórí àlééfà ní Nàìjíríà, ogun abẹ́lé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún 1970. Òǹkàwé ìgbà náà kò nílò àlàyé púpọ̀ láti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ẹni tí a fi ìjánu lé lọ́wọ́ di ẹni tí a ń bẹ̀rù. Ikú Àgbọ̀nyín jẹ́ kókó nínú eré náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjọba ti di ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ.

Àwọn fíìmù méjì tí Túndé Kèlání darí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ, gba ọ̀nà kan náà láìdárúkọ ìlú tí ó wà rí. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), Lápìtẹ́ di ọba ìlú Jogbo láìṣe ètùtù àti ìbúra tí ó so ọba mọ́ ìlú, nítorí pé owó ni ó bá wá sórí oyè. Òun àti àwọn ìjòyè ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú tí ó ń pa igbó run. Fálétí fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀pálábà nínú fíìmù náà. Nínú Agogo Èèwọ̀ (2002), ọba tuntun fẹ́ tún ìlú ṣe, àwọn ìjòyè ni ó sì ń dí i lọ́wọ́. Ìbúra tí a ó fi mú àwọn ìjòyè náà ni ìtàn dá lé. Bí a bá ka àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yìí pọ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n ń béèrè: ta ni yóò ṣọ́ olùṣọ́?

Ìfiwéra pẹ̀lú eré onítàn Kòríà

Eré onítàn orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Kòríà, tí ọ̀pọ̀ ń wò ní Nàìjíríà lónìí, kún fún irú ìjà yìí láàárín ọba àti àwọn ìjòyè. Nínú Queen Seondeok (2009), Mi-shil, obìnrin alágbára kan ní ààfin Silla, ni ó ń pinnu ẹni tí yóò jọba, bí Gáà ti ṣe ní Ọ̀yọ́. Ìjọba Joseon, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1392, ní àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá ọba wí bí ó bá ṣìnà, àwọn ẹgbẹ́ ìjòyè sì ń du ipò náà láti fi ṣubú lu ọ̀tá wọn.

Orísun ìtàn náà

Ẹnu àwọn arọ́kin, àwọn onítàn ààfin, ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Gáà ti wá. Àlùfáà Samuel Johnson kó o jọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ní ọdún 1921. Aláàfin ni ó ń bọ́ arọ́kin, nítorí náà ẹnu ẹni tí ó ṣẹ́gun ni a ti gbọ́ ìtàn ẹni tí a ṣẹ́gun. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan rí ìjà náà gẹ́gẹ́ bí ìjà láàárín àwọn tí ó fẹ́ kí ogun mú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fẹ̀ sí i àti àwọn tí ó fẹ́ kí òwò mú un là. Síbẹ̀, arọ́kin ààfin kan náà kò fi pamọ́ pé ìrorò àwọn ọba ni ó kọ́kọ́ lé àwọn ará ìlú sábẹ́ Gáà.