Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Di Bọ́tìnnì Wọn

Ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ arúgbó n'Íbàdàn kì í béèrè kó tó gbé omi ìwẹ̀ wá. Ó ti mọ bí omi náà ṣe gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Yóò wẹ̀ wọ́n, yóò fi òrí pa wọ́n lára. Bí ọyẹ́ bá mú, yóò wọ súwẹ́tà fún wọn, bí màmá bá sì na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, á ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Màmá, kí ni mo wà fún?” Gbogbo àdúgbò ló ń súre fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé ọmọ kan náà lọ sí Leeds tàbí Lọ́ńdọ̀nù, kó máa ṣe iṣẹ́ care láti ilé dé ilé. Níbi ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n á ní kó ní sùúrù ná. Kó kan ilẹ̀kùn, kó sọ orúkọ ara rẹ̀, kó béèrè bóyá màmá fẹ́ wẹ̀. Bí màmá bá ní àwọn ò wẹ̀ lónìí, tí orí wọn sì pé, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005 ló wà lẹ́yìn wọn. Bó bá sì kan bọ́tìnnì, kó dúró. Ìka tí làkúrègbé ti mú kákò máa ń pẹ́ lórí bọ́tìnnì mẹ́ta, àmọ́ ọwọ́ téèyàn ò lò mọ́, gígan ló máa gan.

Ká sòótọ́, ẹ̀kọ́ yìí ló le jù fún ọmọ Yorùbá. Wọ́n ti tọ́ wa pé ọmọdé kì í jókòó kí àgbà máa ru ẹrù. Àwọn tó kù ṣeé há sórí: ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ọ̀fun rẹ̀ jà lè nílò kí wọ́n mú omi rẹ̀ ki, kó má baà gba ọ̀nà èémí; ìgbà tí màmá bá gbé oògùn mì tán ni wọ́n ń buwọ́ lu ìwé, kì í ṣe ṣáájú.

Irú ẹ̀kọ́ yìí ní ìtàn. Lẹ́yìn ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe pa àwọn aláìsàn tì nílé ìwòsàn Stafford ní England, ìjọba ní kí akọ̀ròyìn Camilla Cavendish yẹ ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú wò. Àbọ̀ rẹ̀ ní 2013 ló bí Care Certificate, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún olùtọ́jú tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2015 pẹ̀lú ìlànà 15.

Ìlànà náà dára. Àkókò ni kò sí. Àbẹ̀wò míì ò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, bẹ́ẹ̀ NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú jáde, ti sọ láti 2015 pé àbẹ̀wò tí kò tó ààbọ̀ wákàtí kò gbọ́dọ̀ wáyé àfi nígbà tó bá nídìí. Ní Wales, láti 2020, dandan ni kí olùtọ́jú inú ilé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. England kò ní irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ fi sábà máa ń padà sídìí ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ tán. Kí ìjọba ṣe ìwé orúkọ náà níbẹ̀, kí wọ́n sì máa sanwó àkókò tí olùtọ́jú fi ń rìn láti ilé kan sí èkejì.